Ẹ̀rọ Atọ́ka Ìhà Rédíò Lórí Ọkọ̀ Ológun: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ará Abẹ́òkúta

Abẹ́òkúta ni bárékè Alámálà wà, níbi tí brigédì 35 àwọn ọmọ ogun tí ń yin àgbá fi ṣe ibùdó. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ rédíò àti fóònù láàárín ìlú máa ń béèrè nípa ọkọ̀ ológun tí ó ru áńtẹ́nà lórí, tí wọ́n sọ pé ó lè wá ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò kàn. A kó àwọn ìbéèrè tí ó wọ́pọ̀ jọ síhìn-ín. Ohun kan ni a fẹ́ kí olùkàwé mú dání láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀rọ yìí kì í sọ ibi tí ènìyàn wà. Ìlà kan ni ó ń fúnni. Iṣẹ́ tí ó kù di ti àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ àti ti ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé.

Kí ni iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí gan-an?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi rédíò sọ̀rọ̀, ì báà ṣe ọ̀gá ológun nínú igbó tàbí ọlọ́pàá ní ìkóríta Pànsẹ́kẹ́, ìgbì ni rédíò rẹ̀ ń tú sínú afẹ́fẹ́, ìgbì náà a sì máa tàn ká. Ẹ̀rọ atọ́ka ìhà máa ń gba ìgbì yẹn, a sì fi dígírì sọ ìhà tí ó ti wá: 0 ni àríwá, 90 ni ìlà-oòrùn, 180 ni gúúsù, 270 ni ìwọ̀-oòrùn. Kò pọn dandan kí ó gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ. Bí wọ́n tilẹ̀ fi kódù bo ọ̀rọ̀ náà tí ẹnikẹ́ni kò lè tú u, ìgbì tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi pamọ́, ibẹ̀ sì ni agbára irinṣẹ́ yìí wà. Ọ̀gágun tí kò mọ ohun tí ọ̀tá ń sọ ṣì lè mọ ìhà tí ọ̀tá ti ń sọ ọ́, ó sì lè rí i pé rédíò mẹ́ta tí ó wà ní ìhà kan lánàá ti ṣí lọ sí ìhà mìíràn lónìí.

Báwo ni áńtẹ́nà ṣe ń mọ ìhà tí ìgbì ti wá?

Ẹnikẹ́ni lè fi ojú ara rẹ̀ rí i nílé. Ẹ wá rédíò kékeré tí ó ń gba AM, ẹ ṣí i sí ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń dún ketekete, kí ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sì máa yí ara yín padà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ó dé ibì kan tí ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yóò rẹlẹ̀ títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, tí ariwo ṣìṣìṣì yóò sì gba ipò rẹ̀. Bí ẹ bá tún yí díẹ̀ sí i, ohùn náà yóò padà. Ọ̀pá dúdú kan tí a fi wáyà tín-ín-rín wé ló wà nínú rédíò náà. Nígbà tí orí ọ̀pá yẹn bá kọjú sí ilé-iṣẹ́ tí ń gbóhùn sáfẹ́fẹ́ ni ohùn máa ń kú. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí fẹ́ràn ibi tí ohùn ti kú ju ibi tí ó ti le jù lọ, nítorí pé ibi tí ohùn ti le fẹ̀ gan-an, ènìyàn lè yí púpọ̀ kí etí rẹ̀ tó mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti kú kò ju dígírì díẹ̀ lọ.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Ọ̀pá náà ní orí méjì, nítorí náà ohùn yóò kú lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ bá yí po tán, èkíní sì fi 180 dígírì jìnnà sí èkejì. Ẹ mọ ìlà, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ̀ bóyá iwájú ni ilé-iṣẹ́ náà wà tàbí ẹ̀yìn. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé wọ́n fi áńtẹ́nà kejì, tí ó nàró ṣánṣán, kún un. Nígbà tí agbára méjèèjì bá pa pọ̀, ìhà kan yóò le, ìhà kejì yóò sì kú.

Ní ọdún 1907, Ettore Bellini àti Alessandro Tosi tí wọ́n jẹ́ ará Ítálì rí ọ̀nà tí kò fi ní pọn dandan mọ́ láti máa yí áńtẹ́nà ńlá. Wọ́n gbé òrùka wáyà méjì dábùú ara wọn, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ láìmì, wọ́n sì ń yí wáyà kékeré kan nínú ẹ̀rọ dípò wọn. Ní àwọn ọdún 1920, Robert Watson-Watt ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá bí yóò ṣe mọ ìhà tí mànàmáná ti ń kọ, kí ó lè kìlọ̀ pé ìjì ń bọ̀. Mànàmáná kì í dúró de ẹni tí ń yí òrùka, nítorí náà ó so áńtẹ́nà mọ́ ojú gíláàsì kan tí ìlà ìmọ́lẹ̀ ti ń fara hàn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, irú ẹ̀rọ yìí ni àwọn ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi ń mọ ìhà tí àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì wà nígbà tí wọ́n bá fi rédíò ránṣẹ́, bí ìránṣẹ́ náà kò tilẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lórí ọkọ̀ ológun òde òní yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí. Áńtẹ́nà kéékèèké, bíi márùn-ún tàbí mẹ́sàn-án, ni wọ́n tò yí òpó kan ká. Ìgbì kì í dé ara gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń kan èyí tí ó wà níwájú kí ó tó kan ti ẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí ohùn ìlù tí ó ti apá ọ̀tún wá ṣe máa ń kan etí ọ̀tún kí ó tó kan ti òsì. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ a fi ìyàtọ̀ kékeré yẹn wé ohun tí ó ti kọ́ nípa gbogbo ìhà, a sì mú èyí tí ó bá a mu jù lọ.

Ṣé áńtẹ́nà kan lè ṣiṣẹ́ fún gbogbo ìkànnì?

Rárá. Gígùn ìgbì ni ó ń pàṣẹ. Ní ìkànnì 300 MHz (MHz kan ni ìgbì mílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ìgbì kan gùn ní mítà 1. Ní 30 MHz, ó gùn ní mítà 10. Ní 3 MHz, ó di mítà 100. Bí áńtẹ́nà méjì bá fi mítà 1 jìnnà síra lórí ọkọ̀, ìyàtọ̀ tí ó pọ̀ jù lọ tí wọ́n lè rí láàárín ara wọn ní 300 MHz jẹ́ odidi ìgbì kan, ṣùgbọ́n ní 30 MHz kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ariwo díẹ̀ sì ti lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Rédíò tí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ń gbé kiri sábà máa ń wà láàárín 30 sí 88 MHz, ìdí nìyí tí àwọn áńtẹ́nà tí a ṣe fún un fi máa ń tóbi, tí wọ́n sì máa ń gùn sókè lórí òpó. Fún àwọn ìkànnì tí ó kéré sí 30 MHz, ọkọ̀ tí ó ń rìn kò lè ru áńtẹ́nà tí ó bá gígùn ìgbì mu. Òrùka dábùú ni yóò lò lórí ìrìn, bí ó bá sì fẹ́ èsì tí ó péye, àfi kí ó dúró kí àwọn ọmọ ogun sọ̀ kalẹ̀ to áńtẹ́nà sórí ilẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi gbé e sórí ọkọ̀, nígbà tí wọ́n lè kọ́ ọ sójú kan?

Nítorí pé bí ìlà bá ti ń gùn ni àṣìṣe ń pọ̀. Dígírì 1 péré tí ó bá yẹ̀ di nǹkan bíi mítà 175 ní ìparí kìlómítà 10; ní kìlómítà 100, ó ti ju kìlómítà kan àtààbọ̀ lọ. Ibùdó ńlá tí a kọ́ sójú kan lè sọ pé rédíò kan wà ní ìhà Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá Ìbarà ni tàbí Aṣerò. Ọkọ̀ ni yóò lọ bá a níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ará Jámánì ṣe é nígbà tí wọ́n gba ilẹ̀ Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù lákòókò Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn ibùdó tí ó jìnnà ni yóò kọ́kọ́ fi ìlà wọn mú ìlú. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ tí wọ́n fi áńtẹ́nà pamọ́ sí yóò máa yí àdúgbò po. Bí ó bá ti ku òpópónà kan tàbí méjì, ọkùnrin kan yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ìgbànú lábẹ́ kóòtù, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ pẹ̀lú ohun ìgbọ́ròó létí. Nígbà mìíràn wọ́n a máa pa iná mànàmáná ilé kan lẹ́yìn òmíràn láti mọ èyí tí rédíò yóò ti dákẹ́. Irú ìwákiri bẹ́ẹ̀ ni ó mú wọn dé ilé kan ní òpópónà Atrébates ní ìlú Brussels ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, níbi tí àwọn amí ilẹ̀ Rọ́ṣíà ti ń fi rédíò ránṣẹ́ sílé. Ohun tí ó pa irú àwọn bẹ́ẹ̀ lára jù ni pípẹ́ lórí afẹ́fẹ́: ẹni tí ó bá fi wákàtí púpọ̀ ránṣẹ́ láti ilé kan náà ń fún ọkọ̀ ní àyè láti sún mọ́ ọn.

Ìtàn kejì dun ni. Ní Vietnam, ẹ̀rọ AN/PRD-1 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń gbé sórí ọkọ̀. Igbó kìjikìji máa ń gbé ìgbì mì, nítorí náà àfi kí wọ́n sún mọ́ ọ̀tá gan-an kí wọ́n tó gbọ́ rédíò rẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1961, James T. Davis, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, àti àwọn ọmọ ogun Gúúsù Vietnam tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ lọ sí irú iṣẹ́ yìí nítòsí Saigon. Àwọn ọ̀tá ba dè wọ́n lójú ọ̀nà, wọ́n sì pa á. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tẹra mọ́ gbígbé ẹ̀rọ náà sínú ọkọ̀ òfuurufú. Nígbàkígbà tí a bá ń yin ọkọ̀ atọ́ka ìhà pé ó lè sún mọ́ ohun tí ó ń wá, ó yẹ kí a rántí pé ohun tí ó ń wá náà lè dojú ìjà kọ ọ́.

Síbẹ̀, ọkọ̀ kò kúrò lójú ìjà. Ètò Prophet ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ wà lórí ọkọ̀ Humvee, Borisoglebsk-2 ti Rọ́ṣíà sì wà lórí ọkọ̀ onírin MT-LB, ó sì ní ẹ̀rọ tí ń dí rédíò lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Ṣé ọkọ̀ kan ṣoṣo tó?

Ọkọ̀ kan lè ṣe é bí ẹni tí wọ́n ń wá bá ń pẹ́ lórí afẹ́fẹ́: yóò gba ìlà níbì kan, yóò rìn lọ sí ibòmíràn, yóò tún gba òmíràn. Ṣùgbọ́n rédíò ológun kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń lò, tí gbogbo wọn yóò gba ìlà lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọn yóò sì fà á sórí àwòrán ilẹ̀ kan ṣoṣo.

Ibi tí wọ́n bá dúró sí ṣe pàtàkì ju iye wọn lọ. Ká ní rédíò kan ń sọ̀rọ̀ ní Odẹ́dá, tí ọkọ̀ kìíní dúró ní Lafẹ́nwá, tí èkejì sì dúró ní Ọbáńtokò. Àwọn ibi mẹ́ta wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn àríwá, nítorí náà ìlà ọkọ̀ méjèèjì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ara wọn, kò sì sí ẹni tí yóò lè fi ìka tọ́ ibi tí wọ́n ti pàdé. Ẹ gbé ọkọ̀ kan lọ sí ìhà Ṣíun ní ọ̀nà Ṣágámù, ìlà rẹ̀ yóò ti gúúsù wá dábùú èkejì, ibi ìpàdé yóò sì mọ́ kedere. Bí igun tí ìlà méjì fi pàdé bá ti ń sún mọ́ 90 dígírì ni iṣẹ́ ń dára sí i. Bí ìlà bá sì di mẹ́ta, wọn kì í sábà pàdé lójú kan. Wọ́n máa ń fi igun mẹ́ta kékeré sílẹ̀ láàárín ara wọn. A kò gbọdọ̀ bínú sí igun mẹ́ta yẹn, nítorí òun ni ó ń sọ bí iṣẹ́ náà ṣe péye tó.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí kò lo ìhà rárá: àwọn ọkọ̀ á wo àkókò tí ìgbì kan náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìgbì rédíò ń rin mítà 300 láàárín ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà aago wọn gbọ́dọ̀ bára mu gan-an. Aago sátẹ́láìtì GPS ni wọ́n fi ń ṣe é.

Àwọn òkè àti àpáta ìlú wa ńkọ́? Ṣé wọn kì í ṣi ẹ̀rọ lọ́nà?

Wọ́n máa ń ṣì í lọ́nà gidigidi, ìbéèrè yìí ni ó sì yẹ kí ará Abẹ́òkúta bi ju gbogbo ìbéèrè lọ. Ìgbì tí ó tó 30 MHz sókè máa ń fẹ́ rìn tààrà. Lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, áńtẹ́nà tí ó ga ní mítà 3 lè gbọ́ rédíò tí ènìyàn gbé dání ní mítà 2 láti nǹkan bíi kìlómítà 13. Bí a bá na òpó sókè dé mítà 10, ó di bíi kìlómítà 19. Ilẹ̀ wa kò tẹ́jú. Ẹni tí ó dúró lẹ́yìn Olúmọ lè wà nítòsí ọkọ̀ kí ọkọ̀ má sì gbọ́ ọ tààrà. Ohun tí yóò gbọ́ ni ìgbì tí ó ti kọ lu ibòmíràn kí ó tó yí padà wá, ìhà ibi tí ìgbì ti kọ lu ni ẹ̀rọ yóò sì tọ́ka sí. Ẹ̀rọ kò parọ́. Ìhà tí ìgbì gbà wọlé ni ó sọ. Ìgbì fúnra rẹ̀ ni kò gba ọ̀nà tààrà wá.

Nínú ìlú, òrùlé páànù, ojú irin Lafẹ́nwá, òpó fóònù àti wáyà iná gíga ń ṣe bákan náà. Ní àdúgbò bíi Ìtòkú, níbi tí òrùlé fi ara kan òrùlé, ìgbì kan lè gba ọ̀nà mẹ́rin wọlé sínú áńtẹ́nà kan. Ọmọ ogun tí ó gbọ́n ni ẹ ó mọ̀ níbẹ̀. Kì í gba ìlà kan kó sì lọ. Yóò ní kí awakọ̀ sún síwájú ní mítà díẹ̀, yóò tún wò ó. Yóò tún ní kó sún. Bí ìhà bá dúró sójú kan, ìgbì tààrà ni. Bí ó bá ń fò láti 40 lọ sí 75, tí ó tún padà sí 20, ìgbì tí ó kọ lu nǹkan ni, kò sì gbọdọ̀ fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ láìsọ bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ẹni tí ó kọ ìlà rẹ̀ sílẹ̀ tí ó sì kọ iyèméjì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe iyebíye ju ẹ̀rọ olówó gọbọi lọ, nítorí ìlà tí ó dá ènìyàn lójú láìtọ́ lè rán àwọn ọmọ ogun lọ sí ilé ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ara ọkọ̀ náà ńkọ́, nígbà tí ó jẹ́ irin?

Irin ọkọ̀ máa ń tẹ ìgbì, nítorí náà kí wọ́n tó lò ó, wọ́n á gbé ọkọ̀ lọ sí pápá gbalasa, wọ́n á gbé rédíò tí wọ́n mọ ibi tí ó wà sí ọ̀ọ́kán, wọ́n á yí ọkọ̀ po díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì kọ àṣìṣe ìhà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà láti máa yọ ọ́ kúrò. Bí ẹnikẹ́ni bá wá so áńtẹ́nà tuntun tàbí táyà ìpààrọ̀ mọ́ orí ọkọ̀ lẹ́yìn náà, ó di dandan kí wọ́n tún un ṣe. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí imú òun fúnra rẹ̀ kọjú sí pẹ̀lú. Dígírì mẹ́ta tí kọ́ḿpáàsì bá fi yẹ̀ ni dígírì mẹ́ta tí gbogbo ìlà yóò fi yẹ̀.

Ṣé òjò tàbí òru ń yí i padà?

Òjò kò fi bẹ́ẹ̀ kan àwọn ìkànnì tí a ń sọ. Òru ni ó ń ṣòro fún àwọn ìkànnì tí ó kéré sí 30 MHz. Ìgbì wọn máa ń gòkè lọ bá ìpele kan lójú sánmà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ionosphere, yóò sì padà bọ̀ sílẹ̀ ní ìrísí tí òrùka wáyà kò mọ̀ ọ́n kà dáadáa, ibi tí ohùn ń kú yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn kiri. Frank Adcock, onímọ̀ ẹ̀rọ Gẹ̀ẹ́sì kan, gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1919 lórí áńtẹ́nà oníọ̀pá mẹ́rin tí ó nàró, tí ó dín àṣìṣe yìí kù púpọ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pe irú áńtẹ́nà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ní agbègbè tí ó sún mọ́ ìlà ìdajì ayé bíi tiwa, ìpele yẹn máa ń dàrú lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, nítorí náà ìlà tí a bá gbà ní agogo mẹ́jọ alẹ́ kò yẹ ní gbígbàgbọ́ bíi ti ọ̀sán.

Ǹjẹ́ ẹni tí wọ́n ń wá lè mọ̀?

Kò lè mọ̀ láti ara ìgbì, nítorí pé ẹ̀rọ yìí kì í tú ohunkóhun sáfẹ́fẹ́. Gbígbọ́ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ẹni tí wọ́n ń wá lè ṣe ni kí ó kúrú lọ́rọ̀, kí ó dín agbára rédíò rẹ̀ kù, kí ó fi òkè sáàárín ara rẹ̀ àti ọ̀tá, kí ó lo áńtẹ́nà tí ń dojú kọ ìhà kan ṣoṣo, kí ó sì ṣí kúrò lẹ́yìn tí ó bá sọ̀rọ̀. Rédíò tí ń fò láti ìkànnì kan sí òmíràn lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣòro fún ẹ̀rọ àtijọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ń gbọ́ ìkànnì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ti ń bá a.

Ṣé àwọn tí ń yin àgbá lè fi ìlà yìí yìnbọn?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò tọ́. Dígírì 2 tí ó yẹ̀ ní kìlómítà 15 ti ju mítà 500 lọ. Ohun tí ìlà náà wúlò fún ni láti sọ ibi tí a ó darí dúróònù tàbí ojú ènìyàn sí, kí wọ́n lè rí ohun tí ó wà níbẹ̀ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó yin ohunkóhun. Ní ìlú tí ènìyàn pọ̀ sí, a kò gbọdọ̀ fojú kéré ìyàtọ̀ yìí.

Ta ni ó tún ń lo irú ẹ̀rọ yìí yàtọ̀ sí ológun?

Àjọ NCC tí ń bójú tó ìkànnì ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà ń lo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti wá ẹni tí rédíò rẹ̀ ń ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Àwọn tí ń gba ẹ̀mí là náà ń lò ó: bí ọkọ̀ òfuurufú bá já, ẹ̀rọ ìkìlọ̀ inú rẹ̀ á ké sí sátẹ́láìtì lórí 406 MHz, á sì máa tú ìgbì mìíràn jáde lórí 121.5 MHz kí àwọn tí ń wá a lè tẹ̀lé ìhà rẹ̀ dé ìdí. Sátẹ́láìtì ti dẹ́kun gbígbọ́ 121.5 láti ọdún 2009, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó wà nínú igbó pẹ̀lú áńtẹ́nà lọ́wọ́, òun ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé.

Ǹjẹ́ aráàlú lè kọ́ iṣẹ́ yìí láìṣe ológun?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tí ń fi rédíò ṣe eré ìdárayá káàkiri ayé máa ń fi rédíò kékeré pamọ́ sínú igbó, lórí ìkànnì ìhà 3.5 MHz tàbí 144 MHz, wọ́n á sì máa sáré wá a pẹ̀lú áńtẹ́nà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Ní Nàìjíríà, ẹni tí ó bá fẹ́ tú ìgbì jáde lórí ìkànnì wọ̀nyí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ, orúkọ ìpè rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ti ọdún 2015 ka gbígba ìbánisọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti gbogbogbòò sílẹ̀ láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi rédíò ọlọ́pàá tàbí ti ológun kọ́ṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ rédíò tí gbogbo ìlú mọ ibi tí òpó rẹ̀ wà: ẹ gba ìlà láti ibi mẹ́ta, ẹ fà á sórí àwòrán ilẹ̀, kí ẹ sì wò ó bí igun mẹ́ta tí ó kù láàárín wọn ṣe tóbi tó àti bí ó ṣe jìnnà sí òpó náà tó.